Èmi àti Bàbá Lẹ́ní Níwájú Fíìmù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí títí nílé kí n tó lọ, débi pé nígbà tí mo bá a pàdé, ńṣe ni mo wò ó pé, ìwọ náà nìyí? Ohun tó bà mí lẹ́rù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀gá wa, ọmọbìnrin kan tí mo lè pè ní àbúrò mi ìkẹyìn, mú mi lọ síwájú bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Ó ní, “Lẹ́ní nìyí. Lẹ́ní, ẹni tuntun tí yóò máa wà lọ́dọ̀ ẹ lóru nìyí.” Lẹ́ní! Kò sí bàbá níbẹ̀, kò sí ọ̀gbẹ́ni, orúkọ lásán bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ wá jẹun. Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Bàbá náà wò mí bí mo ṣe kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó sì bi mí pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi, ṣé kí òun bá mi wá a.

Ẹnu mi ò gbà láti pe Lẹ́ní. Ìwéré-Ilé ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ọmọ tó bá pe àgbà lórúkọ ní ṣàkó yóò rí i pé ẹjọ́ òun ti ṣáájú òun délé. Bàbá Lẹ́ní ni mo ń pè é. Ó dùn mọ́ ọn, ó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní bí a ṣe ń pe àgbà nìyẹn. Mi ò sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá ń pè ní Bàbá Lẹ́ní, ó ti bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Lẹ́ní ni. Mo ti sọ bàbá onílé di bàbá ara rẹ̀. Kò sì sí ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé mo ṣe nǹkan ẹ̀rín, mo sì dá a rín.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìlú tó ń gbé. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa ń darí bọ̀, tí màá fa kọ́tìnì, tí màá sùn lójú oòrùn tó ń ràn bíi tẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nínú oorun ọ̀sán yẹn, ọ̀dàn ilé wa ni mo máa ń rí ṣáá. Màá rí igi emi, igi tí a fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó dá dúró láàárín ebè iṣu. Màá rí koríko tí wọ́n ti sun lásìkò ọyẹ́, tí eérú rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ dúdú, àti bàbá mi tó ń lọ níwájú mi láìwẹ̀yìn. Mo máa ń sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kì í bá a. Tí mo bá jí, màá gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, màá kọ́kọ́ rò pé òjò ló ń bọ̀ láti apá Kíṣí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ìlú tí mo wà, mi ò sì ní purọ́, àkókò díẹ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi.

Àdúgbò tí mo ń gbé dákẹ́ jù. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìyá kan ń gbé ní yàrá tó kángun sí tèmi. Lọ́jọ́ tí a pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó yára wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nílé, èèyàn ò lè húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ará ilé kejì má béèrè pé kí ló ti lò sí i. Nígbà tí ikọ́ ńlá dé mi lọ́dún àkọ́kọ́, mo wú u títí, mo ń retí kí ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ara mi yá fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ayọ̀ wà níbẹ̀ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, òyìnbó kan tó gbé àpò ńlá dání wá bá mi, ó bèèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ èmi! Mo júwe rẹ̀ fún un: kó lọ tààrà, kó yà sọ́wọ́ òsì tó bá kan ṣọ́ọ̀ṣì, kó má tẹ̀ lé ọ̀nà tó gòkè. Ó dúpẹ́, ó sì gba ibi tí mo júwe lọ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo dúró síbẹ̀ bíi pé wọ́n fi mí joyè, títí bọ́ọ̀sì mi fi dé tó sì lọ láìgbé mi. Ẹni tó bá lè júwe ọ̀nà fún àlejò, ṣé òun náà kò tíì di onílé? Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn títí mo fi délé, tí mo sì pe màmá mi láti ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò burú. Ṣá má gbàgbé ọ̀nà tó ń bọ̀ wá síbí o.”

Bàbá mi kì í fẹ́ràn fóònù ní tiẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ sì ni. Ó ní ohùn tí kò ní ipasẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣùgbọ́n tí màmá mi bá fi tipátipá gbé fóònù sí i létí, ohun kan náà ló máa ń bèèrè.

“Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

“Ó ń rọ̀, Bàbá.”

“Títí di ìsinsìnyí?”

“Kò tíì dá.”

“Kí ni wọ́n wá ń gbìn?”

“Koríko ni, Bàbá. Wọ́n á gbìn ín, wọ́n á tún máa gé e.”

“Màlúù ni wọ́n ń fún jẹ?”

“Rárá o. Wọ́n kàn ń gé e ni.”

Á ro ọ̀rọ̀ náà wò, á wá dá fóònù padà fún màmá mi. Màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn pé, “Wọ́n ń gbin koríko, wọn ò sì ní màlúù. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn kó má pẹ́ níbẹ̀.” Mo lè máa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Tí mo bá rí òyìnbó kan tó ń ti ẹ̀rọ gékoríko lọ níwájú ilé rẹ̀, màá wò ó bí bàbá mi ì bá ṣe wò ó, àánú rẹ̀ á sì ṣe mí.

Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ìbéèrè òjò mọ́. Tí mo bá pè, wọ́n á ní bàbá ń sùn. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní ó wà lóko, tàbí pé ó lọ kí ẹnìkan ní Kòmu. Màmá mi á wá fi kún un pé, “Bàbá ẹ ní ká kí ẹ o. Wọ́n ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ níbẹ̀.” Á sọ ọ́ geerege bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí. Bàbá mi kì í fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè ló máa ń fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jìnnà sílé, ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́ náà ló máa gbà. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i. Wọ́n ní àwọn máa bá mi kí i.

Bàbá Lẹ́ní ló kọ́ mi ní ìfura.

Bàbá náà kì í sùn lóru. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ìrìn àjò alẹ́ ló sì máa ń gbà, oorun ti yọ lójú rẹ̀ látìgbà náà. Tí àwọn yòókù bá ti sùn, tí mo bá ti yí àwọn tí kò lè yíra padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, màá po tíì fún un, màá jókòó tì í nínú pálọ̀ ńlá. Ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, fíìmù àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé jáde, àwọn tí kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun lásán. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Bàbá Lẹ́ní fẹ́ràn. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá o. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni, ẹni tó dá ọ́fíìsì kékeré tirẹ̀ sílẹ̀, tó dé àkẹtẹ̀, tó wọ kóòtù gígùn, tí òjò sì máa ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin. Ó ṣe mí ní kàyéfì níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó lówó kóòtù ò lówó agbòjò. Nígbà tó pẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà dá gbé. Òun náà máa ń délé nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí á fa kọ́tìnì, tí á sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Bàbá Lẹ́ní tí kò rántí ohun tó jẹ lálẹ́, kí fíìmù tó dé ìdajì, á ti na ìka sí tẹlifíṣọ̀n.

“Àbúrò yẹn ló pa á.”

“Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Bàbá.”

“Kí la fẹ́ wò? Àbúrò ni.”

Àbúrò náà ló sì máa ń jẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Gbogbo yín máa ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó dákẹ́ lèmi ń wò.” Ó mu tíì rẹ̀, ó sì bi mí pé ta ni mí.

Ohun kan ṣoṣo wà tí kò lè fi ọgbọ́n yẹn rí. Láàárín fíìmù, á dédé yíjú sí ilẹ̀kùn, á ní, “Dọ́rísì dà?” Dọ́rísì ni ìyàwó rẹ̀. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé bàbá náà wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ kìíní.

“Má sọ fún un o. Ẹnìkan sọ fún un rí, ó sunkún bíi pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó ẹ̀ kú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé, ó tún bèèrè. Iye ìgbà tó o bá sọ ọ́ ni wàá pa obìnrin yẹn mọ́ ọn lójú.”

“Kí ni kí n wá máa sọ?”

“Sọ pé ó ń bọ̀. Kó o sì gbé tíì fún un.”

Irọ́ yẹn kọ́ mi lọ́nà ọ̀fun níbẹ̀rẹ̀. Ó yá, ó ń já geere. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọbẹ̀ sí i fúnra mi. “Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó ní òjò ló dá òun dúró. Ó ní kí n kí yín.” Ojú bàbá náà á rọ̀, á ní, “Dọ́rísì mi nìyẹn. Kì í tètè jáde nílé,” a ó sì máa wo fíìmù wa lọ.

Ní òru tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀ níta, ó sì ń rọ̀ nínú fíìmù. Mo ti ṣiṣẹ́ léraléra láìsinmi, oorun ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀. Nínú fíìmù náà, ìyá àgbà kan bẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé kó bá òun wá ọmọbìnrin òun, tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń sọ pé ó rìnrìn àjò. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ sí ilé ọkọ náà. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n bu ọtí fún un. Wọ́n ní ìyàwó ò ní pẹ́ẹ́ dé. Wọ́n tiẹ̀ gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì dè é. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jókòó, ó ń mu sìgá rẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Ẹnìkan wá kanlẹ̀kùn níta. Fíìmù náà rọra ń gbé ojú wọn hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ, ìyá ọkọ, àbúrò ọkọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dìde, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀.

“Ó ti mọ̀,” ni Bàbá Lẹ́ní wí.

“Kí ló mọ̀?”

“Kò sí èyí tó wo ilẹ̀kùn nínú wọn. Ẹni tó bá ń retí èèyàn máa ń wo ilẹ̀kùn.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ yíjú, ó wo ilẹ̀kùn. “Dọ́rísì dà?”

“Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó ní kí n kí yín.”

Mo sọ ọ́ geerege. Ohùn màmá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Mi ò mọ̀ bóyá mo sùn lẹ́yìn ìyẹn tàbí n kò sùn. Ojú mi wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin alákẹtẹ̀ yẹn ń rìn lọ ní kọ̀rọ̀ kan láàárín ilé gíga, kọ̀rọ̀ náà rọra ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, títí ó fi di ọ̀nà oko wa, tí koríko gbígbẹ wà lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ dúdú àti funfun. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń wo ipasẹ̀ ètu bóyá ó ti pẹ́. Nígbà tó ṣí àkẹtẹ̀, bàbá mi ni. Kò gbé ìbọn. Mo ń sọ fún un nínú oorun pé, Bàbá, ẹ gbàgbé ìbọn yín sílé, ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wá. Mo sáré wọ pálọ̀ wa, mo gbójú sókè sí ara ògiri, mo bá kàlẹ́ńdà níbẹ̀.

Mo la ojú. Kàlẹ́ńdà yẹn kì í ṣe àlá. Mo ti rí i ní ojú ayé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, màmá mi gbà kí a bára wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú jù, ó ní bàbá ń sùn ní yàrá. Nígbà tó yí ọwọ́ díẹ̀, mo rí kàlẹ́ńdà tuntun lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rò nínú ara mi pé ó mà rẹwà o.

Kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọdẹ lè mọ ohun tí mo rí: ìṣó ìbọn bàbá mi ni wọ́n fi kàlẹ́ńdà yẹn kọ́. Ìṣó náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tí ìbọn bá wà lórí rẹ̀, bàbá wà nílé. Tí ìṣó bá ṣófo, bàbá wà nígbó. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyẹn láti kékeré, a kì í bèèrè. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi nǹkan mìíràn kọ́ ìṣó yẹn, ìbáà ṣe fìlà. Tí ọdẹ bá sì ń sùn ní yàrá rẹ̀, ìbọn rẹ̀ kì í rìn lọ síbì kankan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń jáde nílé láìsí olówó rẹ̀: ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá kó o, pẹ̀lú ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ àti àpò rẹ̀, lọ sínú igbó láti ṣe ìpà fún un, kí òkú má bàa máa dẹ igbó kiri mọ́. Àwọn ará ilé mi ti rántí gbogbo nǹkan. Wọ́n rántí bí wọ́n ṣe máa kí mi, wọ́n rántí ibi tí wọ́n máa ní ó lọ. Àlàfo ara ògiri yẹn ni wọn ò lè máa wò. Wọ́n wá nǹkan bò ó.

Mo bá ara mi jà. Mo ní bóyá ọlọ́pàá ló gba ìbọn. Mo ní bóyá ó ta á. Bàbá mi, ta ìbọn! Mo ní bóyá àìsàn lásán ni. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó: ọmọ wà lájò, ó dá wà, tí wọ́n bá fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lù ú tó ṣubú, ta ni yóò gbé e? Ṣùgbọ́n nǹkan kan dùn mí dé egungun. Onílé ni wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ fún, àlejò ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ fún. Níhìn-ín, àlejò ni mí. Lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń tẹ́ ẹní irọ́ fún mi jókòó, wọ́n ti ń ṣe mí lálejò. Ibo wá ni mo ti jẹ́ ọmọ ilé? Mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi, kí n lè jẹ́ ọmọ bàbá mi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lóru yẹn, kò sí òmíràn.

Màmá mi ò ní sọ. Mo pe Bàbá Dúró, àbúrò bàbá mi, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọdẹ ni òun náà, òun ló ṣáájú àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, nítorí náà mo mọ̀ pé kò ní sùn. Bàbá Dúró ò mọ irọ́ ọ́ pa. Ọgbọ́n tó ń dá sí i ni pé kì í gbé ìpè mi mọ́. Ṣùgbọ́n lóru yẹn ó gbé e. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń pè.

“Ó tó, mo ń bọ̀ níbẹ̀,” ló kọ́kọ́ wí.

“Bàbá Dúró, èmi ni o. Ẹ kú iṣẹ́ òru.”

Mo gbọ́ kòkòrò tó ń dún, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ náà sì dúró.

“Ṣé kò sí nǹkan o?” ló ní. “Kí lo ń ṣe tó ò sùn?”

“Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Bàbá, ìbọn ẹ̀gbọ́n yín dà?”

Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rò pé fóònù ti já. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ níbẹ̀?”

Ẹni tó bá dàgbà nílé wa mọ ìbéèrè yẹn. Wọn kì í bi ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀ fún.

“Èmi nìkan ni. Ẹ sọ ọ́ fún mi, Bàbá.”

“N ò lè sọ ọ́ fún ìwọ nìkan. A kì í ṣe é. Ṣé kò sí àgbà kankan nítòsí ni?”

“Bàbá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ni.”

“Wọ́n jù mí lọ?”

“Wọ́n jù yín lọ dáadáa.”

“Ó dáa. Gbé fóònù fún wọn.”

“Bàbá, wọn ò gbọ́ Yorùbá.”

“Èmi náà ò gbọ́ òyìnbó. Gbé fóònù fún àgbà, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó lè jẹ́ pé bí mo bá takú, yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Dúró ò bẹ̀ mí rí láyé mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù fún Bàbá Lẹ́ní, mo ní, “Àbúrò bàbá mi ni. Ó ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.” Bàbá náà nà tọ́ọ́rọ́ lórí àga, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Lẹ́ní rèé,” ló wí.

Láti ibi tí mo dúró, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀, ohùn nìkan ni mo ń gbọ́. Ó kọ́kọ́ ń lọ sókè sódò bí ìgbà tí èèyàn ń kí àgbà kíkí gígùn. Bàbá Lẹ́ní ń mi orí, ó ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gbẹ́ni.” Ohùn náà wá rọra ń falẹ̀, ó ń dúró láàárín, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Lẹ́ní ò mi orí mọ́. Ó yíjú sí mi, ó wò mí lójú, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere, ojú ẹni tí kò gbàgbé nǹkan kan láyé rẹ̀. Fíìmù ti parí lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ nínú òkùnkùn. Ó tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi dákẹ́. Kò yára. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

“Kí ló sọ?” mo bi í, bí ẹni tí kò lórí.

“Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀,” ni Bàbá Lẹ́ní wí. “Àgbàlagbà ọkùnrin ni. Ó kí mi, ó kí mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ń sunkún.”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi.

“Ó ní kí n dì ẹ́ mú.”